Wọ́n ní mo ń bọ Mámíwọ́tà: Ẹja kan ló gba oorun lójú mi

Iṣẹ́ tiwa ni ká máa jókòó síwájú àwọn ẹlòmíì, ká ní kí wọ́n sọ ohun tójú wọn rí fún wa, ká wá gbé e sínú ìwé ìròyìn. Lónìí, èmi gan-an ni mo fẹ́ ròyìn ara mi. Ẹ bá mi rẹ́rìn-ín níbi tó bá yẹ kẹ́ ẹ ti rẹ́rìn-ín, àmọ́ tẹ́ ẹ bá débi tó dùn mí, ẹ bá mi káàánú díẹ̀.

Ọdún 2021 lọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Wọ́n rán mi níbi iṣẹ́ pé kí n lọ fọ̀rọ̀ wá oníṣòwò kan lẹ́nu wò ní Magodo, l’Ékòó, lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kan tí wọ́n ń jà lé lórí. Wọ́n ní kí n jókòó sí pálọ̀. Bí mo ṣe yíjú báyìí, mo rí àpótí gíláàsì ńlá kan tí omi kún inú ẹ̀, iná búlúù ń tàn lókè ẹ̀, ẹja kan sì ń yọ jáde láàárín òkúta, ó tún ń wọlé padà. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo gbàgbé ìbéèrè tí mo kọ sílẹ̀. Àwọ̀ ẹja náà dà bí òféèfèé ọsàn, ó ní ilà funfun tó ń dán bíi búlúù, ilà dúdú sì là á lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, bí ìgbà tí aṣọ-òkè bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí òfì. Nígbà tí ọ̀gá náà fi máa jáde, mo ti sún mọ́ gíláàsì débi pé imú mi ti fẹ́ kàn án. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Akọ̀ròyìn, ṣé ẹja lo wá fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò ni?”

Ó wá ṣàlàyé fún mi. Ó ní ẹja áńgẹ́lì ni, pé àwọn tó ń tà á ń pe irú èyí ní Regal. Kì í ṣe ẹja áńgẹ́lì tẹ́ ẹ máa ń rí lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹja ọ̀ṣọ́ kiri o. Ìyẹn, ẹja odò ni, láti odò Amazon ni wọ́n ti gbé e wá, kò sì ṣòro ún sìn. Ẹja inú òkun lèyí, omi iyọ̀ ló ń gbé. Àwọn ẹja áńgẹ́lì inú òkun yìí tó ẹ̀yà 90. Ìbátan wọn kan wà nínú òkun tiwa níbí, láti Senegal títí dé Congo, òun lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 45. Ṣùgbọ́n Regal ò sí lọ́dọ̀ wa. Láti Òkun Pupa dé etíkun Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, títí lọ dé àárín òkun Pacific, ibẹ̀ ni ilé ẹ̀. Tó bá dàgbà tán, á gùn tó sẹ̀ǹtímítà 25. Ọ̀gá náà ní oṣù mẹ́rin gbáko lòun fi bẹ ẹja yìí kó tó máa jẹun dáadáa.

Mo padà sílé wa ní Ṣómólú, mo ròyìn títí, ìyàwó mi ní, “Bàbá ọmọ mi, ẹja tí wọn ò ní sè!” Ó pòṣé, ó bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ.

Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, ọ̀gá náà pè mí. Ó lóun àti ìdílé òun ń já lọ sí Kánádà. Ó lóun ti ta mọ́tò, òun ti ta àga, ṣùgbọ́n òun ò fẹ́ ta ẹja yẹn fún ẹni tí ò ní wò ó lójú. Ó ní kí n wá gbé e, àtòun àtàpótí ẹ̀, lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní, “Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ lọ́wọ́ ẹ. Má jẹ̀ẹ́ kó kú.” Mo ní, “Ọ̀gá, ẹ fọkàn balẹ̀.” Àṣé ẹnu mi ló ń sọ̀rọ̀, ọgbọ́n ò tíì dé.

Àpótí náà ń gba lítà omi 400. Lítà omi kan, kílò kan ni, ẹ sì lọ ṣírò ẹ̀. Ìsàlẹ̀ là ń gbé, ìyẹn ló kó wa yọ, tó bá jẹ́ òkè ni, ẹja á ti bá ayálégbé ìsàlẹ̀ lálejò. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sínú ẹ̀ kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀ o, iyọ̀ tí wọ́n pò kó lè dà bíi tòkun gan-an ni. Gíráàmù 35 fún lítà kan. Fún gbogbo àpótí, kílò 14 ni. Omi tí wọ́n máa pò ó mọ́, kò gbọdọ̀ jẹ́ omi bọ́hóòlù wa tó máa ń pọ́n bí omi aró. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe omi inú ọ̀rá tà ni mo ti ń lọ ra èyí tó ti gba inú asẹ́ wọn kọjá, kẹ́ẹ̀gì lórí kẹ́ẹ̀gì, lórí ọ̀kadà.

Ibi tí mo ti kọ́kọ́ ṣìṣe rèé. Lọ́jọ́ tá a kó ẹrù náà, gósiló mú wa. Àwọn òkúta inú àpótí gbẹ lójú ọ̀nà. Mi ò mọ̀ pé àwọn òkúta yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán, àwọn kòkòrò tín-íntìn-ín tójú ò lè rí ló ń gbé ara wọn. Ìgbẹ́ àti ìtọ̀ ẹja máa ń di májèlé tí wọ́n ń pè ní ammonia. Àwọn kòkòrò yìí ló máa ń jẹ ẹ́, wọ́n á sọ ọ́ di nǹkan míì, òmíràn nínú wọn á tún sọ ìyẹn di ohun tí kò fi bẹ́ẹ̀ léwu. Tí wọ́n bá kú, omi á mọ́ lójú, májèlé á sì wà nínú ẹ̀. Kí wọ́n tó tún pọ̀ tó padà, ó lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Dúróòmù ni ẹja náà kọ́kọ́ gbé, èmi náà sì ń pààrọ̀ omi ẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́ bí ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn.

Nígbà tí mo tú u sínú àpótí tán, ó sá wọ abẹ́ òkúta. Kò jẹun. Ọjọ́ kìíní, ọjọ́ kejì, ọ̀sẹ̀ kan. Mo ju edé sí i, kò wò ó. Mo ju oúnjẹ inú agolo sí i, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Mo wá lọ kàwé nípa ẹ̀, ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ohun tó ń jẹ nínú òkun jù lọ ni kànrìnkàn òkun. Ẹ má rò pé kànrìnkàn ìwẹ̀ ni mò ń wí o. Ẹ̀dá ẹlẹ́mìí ni, tó máa ń lẹ̀ mọ́ àpáta lábẹ́ omi. Èwo lèmi ọmọ Ṣómólú á ti rí i rà? Mo tún kà á pé láti àwọn ọdún 1960 ni àwọn apẹja kan ní Philippines ti ń fọ́n májèlé cyanide sára àpáta kí irú ẹja báyìí lè dákú, kí wọ́n lè rọra mú un. Ẹja tí wọ́n mú bẹ́ẹ̀ lè lẹ́wà lójú, kí inú ẹ̀ sì ti bàjẹ́. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe mú tèmi, àmọ́ láti ọjọ́ yẹn, mi ò lè wo ojú ẹ̀ tí mi ò ní rántí pé ẹnì kan ló lọ mú un kúrò nílé ẹ̀, kì í ṣe òun ló ní ká wá mú òun.

Ọjọ́ kọkàndínlógún ni mo gba ọjà Màkókò lọ. Mo bá obìnrin kan tó ń ta ìkarahun olójú méjì, èyí tó ṣì wà láàyè. Mo fọ̀ ọ́ dáadáa, mo fi ọ̀bẹ ṣí i, mo gbé e sórí òkúta, mo pa iná pálọ̀, mo jókòó sílẹ̀. Ó tó wákàtí kan. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹja yọjú. Ó wò ó lápá ọ̀tún, ó wò ó lápá òsì, ó já díẹ̀ jẹ. Ó padà wá, ó tún já a. Mo pariwo, “Ó ti jẹun o!” Ìyàwó mi sáré jáde látinú yàrá pẹ̀lú ìró lásán láyà, ó rò pé olè ti wọlé.

Ariwo yẹn gan-an ló dá wàhálà míì sílẹ̀.

Ẹ mọ ilé ayálégbé. Tẹ́ ẹ bá sín, ará yàrá kẹta á ní “ẹ pẹ̀lẹ́.” Àwọn ará ilé ti ń rí i pé mò ń gbé iyọ̀ wọlé. Wọ́n ń rí iná búlúù lójú fèrèsé mi láago méjìlá òru. Wọ́n ń gbọ́ tí mò ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ pé “jọ̀ọ́, jẹun, má dójú tì mí.” Obìnrin kan sì ti rí mi níbi tí mo kúnlẹ̀ síwájú omi. Wọ́n bá ṣírò ẹ̀ pọ̀: iyọ̀, omi, iná búlúù, ìkúnlẹ̀, òru. Ni wọ́n bá ní Bùọ̀dá Akọ̀ròyìn ń bọ Mámíwọ́tà, pé ìyẹn ló fà á tí iná tá à ń lò fi ń jó lemọ́lemọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, Màmá Onílé kan ilẹ̀kùn. Ìgò òróró àdúrà wà lọ́wọ́ wọn, àwọn ayálégbé mẹ́rin tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, ìwọ lò ń kọ̀ròyìn ayé, ìròyìn tìẹ náà ti dé etí mi. Ilé tí mo fi àdúrà kọ́, wọn ò ní bọ òrìṣà omi nínú ẹ̀.” Wọ́n kọjá tààrà síbi àpótí, wọ́n ń ṣí ìdérí òróró. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo ní, “Màmá, ẹ dákun, ẹ gbàdúrà títí ilẹ̀ á fi mọ́, ẹ má ṣáà da òróró sí i. Tó bá bo ojú omi, ẹja ò ní rí atẹ́gùn mí.”

Àfi bí ẹni pé ẹja náà gbọ́ orúkọ ara ẹ̀. Ó rọra jáde lábẹ́ òkúta, ó yí padà, gbogbo àwọ̀ ẹ̀ tàn. Màmá dúró. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n wá ní, “Ta ló kun irú èyí? Ọlọ́run mà ń ṣiṣẹ́ o.” Wọ́n dé ìgò òróró wọn padà. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti gbàdúrà alẹ́ wọn tán pẹ̀lú orin, wọ́n á wá jókòó sí pálọ̀ wa, wọ́n á ní, “Ẹja wa ńkọ́?”

Ohun tí ẹja yìí kọ́ mi ni pé kì í ṣe ìfẹ́ ló ń fẹ́, bí kò ṣe ìdúróṣinṣin. Omi ẹ̀ gbọ́dọ̀ gbóná mọ níwọ̀n 25 sí 27, lójoojúmọ́. Inú oṣù kẹta, pálọ̀ tiwa ń kọjá 30. Mo gbé fáànù lé omi lórí, omi tutù, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ lọ sínú afẹ́fẹ́. Tí omi bá fẹ́ lọ, iyọ̀ kì í bá a lọ, ìyókù á wá níyọ̀ jù. Nítorí náà, omi lásán la fi ń dí i láràárọ̀. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mo gbọ́dọ̀ bu lítà 40 dà nù, kí n po tuntun. Pọ́ǹpù ò sì gbọdọ̀ dúró. Omi iyọ̀ tó gbóná kì í gba atẹ́gùn púpọ̀ mọ́ra, tí pọ́ǹpù bá dúró fún ìgbà pípẹ́, ẹja á bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle lókè omi. Ẹ sọ fún mi, kí ló wà nínú ilé wa tó ń rí bákan náà lójoojúmọ́? Ṣé iná ni? Ṣé owó oṣù ni?

Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní “I better pass my neighbour” ló ń gbà wá. Nígbà tó di ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 2023, ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Epo bẹntiróòlù tí à ń rà tí lítà ẹ̀ ò tó ₦200, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó ti fẹ́ẹ̀ tó ₦500. Kó tó di ìparí oṣù keje, ó ti kọjá ₦600. Oṣù kẹfà náà ni náírà já bọ́, dọ́là kan tó wà ní nǹkan bíi ₦460 ní báńkì kọjá ₦700. Dọ́là ni wọ́n fi ń ra iyọ̀ ẹja wọlé. Owó oṣù tèmi dúró síbi tó wà.

Ibi tó dùn mí la dé yìí. Oṣù kẹsàn-án ọdún náà, iyọ̀ tán. Owó ilé-ìwé ọmọ wa wà nínú àpò ìwé lórí àpótí aṣọ, àwa méjèèjì la jọ tù ú jọ. Mo bu ₦35,000 níbẹ̀, mo ní màá dá a padà kí wọ́n tó bèèrè. Wọ́n bèèrè. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, wọ́n dá ọmọ mi padà láti ilé-ìwé, ọmọ ọdún mẹ́fà, pẹ̀lú báàgì lẹ́yìn ẹ̀ àti ìwé tí wọ́n kọ lé e lọ́wọ́. Ìyàwó mi lọ wo àpò ìwé náà. Kò pariwo. Ì bá pariwo, ì bá sàn. Ó kàn ní, “Bàbá ọmọ mi, mo máa ń fi ẹja yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyàwó kékeré ni. Àṣé òótọ́ ni.”

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi bá mi sọ kìkì ohun tó kan oúnjẹ.

Ọjọ́ kẹrin ni tírànsífọ́mà àdúgbò wa bú gbàmù. Òkùnkùn dé. Ìṣẹ́ ti gbé mi lọ sí Ìbàdàn lọ́jọ́ náà, mi ò tètè padà. Epo tó wà nínú jẹnẹrétọ̀ ti tán. Mo wọlé ní nǹkan bí aago kan òru, mo ti pinnu nínú ọkàn mi pé òkú ẹja ni mo máa bá. Mo ṣílẹ̀kùn, mo gbọ́ omi tó ń ró ṣàà, ṣàà. Mo tan fóònù mi. Ìyàwó mi ló dúró lórí àpótí ìjókòó, abọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ń bu omi inú àpótí, ó ń gbé e sókè, ó ń dà á padà láti òkè kí atẹ́gùn lè wọ̀ ọ́. Bí mo ṣe máa ń ṣe é ló ṣe é, mi ò mọ̀ pé ó ń wò mí. Láti aago mẹ́sàn-án ló ti wà níbẹ̀. Apá ẹ̀ ń gbọ̀n.

Mo ní, “Ìyá ọmọ mi, lẹ́yìn ohun tí mo ṣe?”

Ó ní, “Ẹja ò mọ̀ pé o jí owó.” Ó na abọ́ náà sí mi. “Ó ti kàn ẹ́.”

Mo gbà á, mo bu omi títí ilẹ̀ fi mọ́. Òru yẹn ni mo mọ̀ pé ìlérí tí mo ṣe fún ọ̀gá tó lọ Kánádà, ẹlòmíì ló ń bá mi san án, àti ìyàwó, àti ọmọ.

Ọ̀sẹ̀ kejì, mo wá ọkùnrin kan rí ní Ajah, tó ń sin ẹja òkun, tí sólà àti bátìrì ńlá wà nílé ẹ̀, tí àpótí ẹ̀ sì fi ìlọ́po mẹ́ta ju tèmi lọ. Mi ò gba kọ́bọ̀ lórí ẹja. Ọkùnrin náà ò mú àwọ̀n wá, abọ́ ló fi mú un, torí ẹja áńgẹ́lì inú òkun ní ẹ̀gún kan lẹ́rẹ̀kẹ́, tó bá há sínú àwọ̀n, ó lè ya ara ẹ̀. Mo ta àpótí, pọ́ǹpù àtiná búlúù. Owó ilé-ìwé ọmọ ni mo kọ́kọ́ fi san, ìyókù, mo kó o lé ìyàwó mi lọ́wọ́. Kò kà á. Ó ní òun gbọ́. Mo dé Ajah ní ọdún 2024, mo rí ẹja náà, ó ń jẹun, kò tiẹ̀ wo ibi tí mo dúró sí.

Ẹ̀yin tó ń kàwé yìí, tí ẹ bá rí ẹja báyìí lójú gíláàsì tí ọkàn yín fà sí i, ẹ lọ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹja odò. Tẹ́ ẹ bá ní dandan tòkun ni, ẹ jẹ́ kí àpótí yín pé ọdún kan kí Regal tó wọ̀ ọ́, kí ẹ rí i tó ń jẹun lójú yín lọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á, kí ẹ sì ní iná tí kì í lọ kẹ́ ẹ tó ní ẹja. Jù gbogbo ẹ̀ lọ, ẹ bi ará ilé yín léèrè. Ohun tó ń fẹ́ ìtọ́jú lójoojúmọ́, ẹnì kan ṣoṣo kì í gbé e wálé.

Ní ti Màmá Onílé, wọn ò tíì dárí jì mí. Lánàá òde yìí náà, mo dọ̀bálẹ̀ kí wọn lójúde, wọ́n ní, “Akọ̀ròyìn, kú àbọ̀. Ìgbà wo lo máa mú mi lọ kí ẹja wa?”